Ìtànkálẹ̀ Jẹjẹrẹ Sákómà Nínú Ara: Ìtàn Ìmọ̀ Náà àti Bí Ó Ṣe Kan Kumasi

Sákómà ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fún jẹjẹrẹ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun, ẹran ara, ọ̀rá tàbí ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, níbi tí sarx ti túmọ̀ sí ẹran ara. Ó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti ẹ̀dọ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ irú èyí tí ń bo ojú ẹ̀yà ara tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ bá mú, nǹkan bí ẹnì kan ni tirẹ̀ máa ń jẹ́ sákómà. Láàárín àwọn ọmọdé, iye náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: ó tó mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Kókó tí ó wà ní itan tàbí ní orókún kọ́ ni ó sábà máa ń pa aláìsàn. Èyí tí ó kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ohun tí ó ń gbé àrùn náà kúrò ní ibi tí ó ti hù, tí ó fi dé ibòmíràn nínú ara, ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, pẹ̀lú bí ìmọ̀ náà ṣe kan Kumasi, olú-ìlú Àṣáńtì ní Gánà, ìlú tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fi ṣe ilé kí òfin ìjọba Busia ti oṣù November ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Kì í ṣe Kumasi ni wọ́n ti ṣe àwọn àwárí tí a ó sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn orúkọ tí ó gbé ìtàn náà ró, Burkitt, Kaposi àti Ewing, kan àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n, yálà nítorí pé àrùn tí a fi orúkọ wọn pè pọ̀ níbí, tàbí nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n níbí.

Ní ọdún 1889, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Stephen Paget, kó àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa jọ. Ó rí i pé àwọn ẹ̀yà ara kan wà tí àrùn náà máa ń lọ jù, bíi ẹ̀dọ̀ àti eegun, àti pé àwọn mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ń dé dáadáa tí àrùn kò fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Ó wá fi jẹjẹrẹ wé irúgbìn tí ń fò lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n tí kì í hù àfi lórí ilẹ̀ tí ó bá a lára mu. Àgbẹ̀ tí ó bá ti gbin iṣu sínú àbàtà rí kò nílò àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, James Ewing ní Amẹ́ríkà takò ó. Lójú tirẹ̀, ipa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń pinnu ibi tí jẹjẹrẹ yóò bọ́ sí.

Ní ti sákómà, ọ̀rọ̀ Ewing ni ó dà bí ẹni pé ó sún mọ́ òtítọ́ jù ní àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ẹsẹ̀ wá ń padà sí ọkàn, ọkàn sì ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti dà bí asẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá já bọ́ láti ara kókó orókún yóò há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a há síbi kan yàtọ̀ sí kí a yè níbẹ̀. Ní ọdún 1970, Isaiah Fidler sọ àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀ eku, ó sì ń ka iye tí ó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn wákàtí 24, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sì ni ó padà di kókó tuntun. Ọ̀nà ni Ewing rí, ilẹ̀ ni Paget rí. A nílò méjèèjì.

Ohun tí ó wà nínú irúgbìn náà fúnra rẹ̀ ni ó pẹ́ jù kí a tó mọ̀, ara adìẹ ni a sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1909, wọ́n gbé adìẹ kan tí kókó ńlá wà láyà rẹ̀ wá fún Peyton Rous ní Rockefeller Institute ní New York. Sákómà ni kókó náà. Rous gé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi sára adìẹ mìíràn tí ó jẹ́ ìran kan náà, ó sì hù. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí kò sẹ́ni tí ó retí: ó lọ kókó náà kúnná, ó pò ó mọ́ omi, ó sì sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì tàbí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Omi tí ó jáde mọ́ gaara, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi gún adìẹ lábẹ́rẹ́, sákómà tún hù. Ó tẹ èsì náà jáde ní ọdún 1911. Ohun tí ó kéré ju sẹ́ẹ̀lì lọ, èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lónìí, ni ó ń fa jẹjẹrẹ náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún Rous ní ẹ̀bùn Nobel, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 87.

Àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé jíìnì kan ṣoṣo nínú fáírọ́ọ̀sì náà ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ. Wọ́n pè é ní src, ìgékúrú ọ̀rọ̀ sákómà. Ní ọdún 1976, Dominique Stehelin, Harold Varmus, Michael Bishop àti Peter Vogt fi hàn pé jíìnì náà kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ti adìẹ ni. Fáírọ́ọ̀sì náà ni ó jí i gbé láti inú ara adìẹ nígbà kan rí. Irú rẹ̀ wà nínú àwa ènìyàn náà, a sì nílò rẹ̀ fún ìdàgbàsókè ara. Ìtumọ̀ rẹ̀ wúwo: kì í ṣe àlejò ni ohun tí ó ń di jẹjẹrẹ, ọmọ ilé tí ó yà kúrò nínú ìlànà ni. Bishop àti Varmus gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 1989. Wọn kò fi Stehelin kún un, ó sì fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn ní gbangba.

Kí ni prótéènì Src ń ṣe? Láàárín ọdún 1978 sí 1980, wọ́n rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi fósífétì lẹ àwọn prótéènì mìíràn lára, ní ojú ibi kan tí à ń pè ní tyrosine. Lílẹ̀ yìí dà bí ìgbà tí ènìyàn tan iná: prótéènì tí ó ti dákẹ́ yóò dìde ṣiṣẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó yè kooro, ìrù Src máa ń ká mọ́ ara rẹ̀, tí yóò sì ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ náà pa, àfi bí ara bá nílò rẹ̀. Src ti inú fáírọ́ọ̀sì Rous kò ní ìpín ìrù náà. Ilẹ̀kùn ni tí kò ní ìdábùú, tí ó wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìtànkálẹ̀ ti wọlé. Lára àwọn prótéènì tí Src ń jí dìde ni àwọn tí ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ilẹ̀ tí ó dúró lé. Bí Src bá ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, àwọn okùn ìso wọ̀nyí á máa tú, á sì máa di tuntun síwájú, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀, tí Wen-Tien Chen wà lára wọn, ṣàkíyèsí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì adìẹ tí fáírọ́ọ̀sì Rous ti mú ń yọ ẹsẹ̀ kéékèèké sísàlẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ wọ̀nyí bá ti kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà máa ń yọ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ collagen, tí ó jẹ́ okùn tí ó di ara pọ̀, ni wọ́n ń tú jáde níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1980, Lance Liotta àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá ṣe lè jẹ collagen ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti tàn ká ṣe ń pọ̀ tó. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ní ẹsẹ̀ àti eyín báyìí lè gbẹ́ ihò wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ó sì tún gbẹ́ ihò jáde ní ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé fún gbogbogbòò kì í dárúkọ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tí ó so mọ́, kí ó sì yí ìwà padà di alárìnkiri. Sẹ́ẹ̀lì sákómà kò nílò ìyẹn púpọ̀, nítorí pé inú ẹ̀yà tí ó jẹ́ alárìnkiri láti ìgbà oyún ni ó ti wá. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń hù nínú kókó sákómà kì í sì í ṣe èyí tí a rán dáadáa; wọ́n ń jò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ sákómà fi ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró, dípò kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí àwọn kókó abẹ́ apá tàbí ti abẹ́nú itan gẹ́gẹ́ bí jẹjẹrẹ mìíràn ti ń ṣe.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ sákómà gba ọ̀nà mìíràn wọ inú ìwé ìṣègùn. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, Denis Burkitt rí ọmọdé kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Ó wá irú rẹ̀ kiri, ó rí púpọ̀, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1958. Sákómà ni ó pè é nínú àkọlé ìwé náà. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ tí ń fi awò wo ẹran ara fi rí i pé kì í ṣe sákómà rárá, pé jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni. Ìyípadà orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ akadá lásán. Abẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú sákómà nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ ti àgbọ̀n, ojú ọmọ náà bàjẹ́ títí láé. Àrùn Burkitt kò nílò abẹ. Oògùn cyclophosphamide lè mú kí kókó tí ó tó ọwọ́ ènìyàn yọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Orúkọ tí a bá fún àrùn ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò gé.

Àrùn náà pọ̀ ní Gánà gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ ní Ìbàdàn, nítorí pé ibà àti òjò ń bá a rìn. Ní Korle Bu ní Accra, Francis Nkrumah, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ ọmọ Kwame Nkrumah, bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé tí ó sì kọ pẹ̀lú Perkins ní ọdún 1976 nípa aláìsàn 110 ṣì wúlò. Ní Kumasi, ó wà lára jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n ń rí jù. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí wọ́n rí ní ọdún 1964, wà nínú púpọ̀ jù nínú àwọn kókó náà ní Áfíríkà, àti pé jíìnì kan tí ń jẹ́ MYC ti kúrò ní ààyè rẹ̀ lórí krómósómù kẹjọ lọ bọ́ sí ibi tí kò ti ní ìjánu. Ọmọ ilé tí ó yà kúrò nínú ìlànà náà ni, bíi ti Src.

Sákómà Kaposi ni ó tún da ìbéèrè ìtànkálẹ̀ rú. Moritz Kaposi ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1872, lára àwọn àgbà ọkùnrin márùn-ún tí àmì elésè-àlùkò yọ sí ẹsẹ̀ wọn. Ní Uganda àti Kóńgò, àrùn àìlera tí ó wọ́pọ̀ ni tipẹ́tipẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí àrùn AIDS fi dé. Ní Gánà, ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ rí AIDS. Ní ọdún 1994, Yuan Chang àti Patrick Moore rí fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nídìí sákómà náà, tí à ń pè ní HHV-8. Fáírọ́ọ̀sì yìí ní prótéènì kan tí ó dà bí agogo tí kò dẹ́kun dídún: ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó máa pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí ó sì máa pín ara rẹ̀. Níbi tí ojú àrùn bá ti yọ sí ẹsẹ̀, sí ẹnu àti sí inú ìfun nígbà kan náà, kò rọrùn láti sọ bóyá irúgbìn kan ni ó fò láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí pé fáírọ́ọ̀sì náà ti gbìn ín sí ibi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwádìí ti fi méjèèjì hàn lára àwọn aláìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ó dájú ni pé, nígbà tí oògùn bá ti rẹ HIV sílẹ̀ tí ara sì ti padà ní agbára, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì náà máa ń ṣá. Ilẹ̀ ni a tún ṣe, irúgbìn kò sì rí ààyè.

Ti Ewing yàtọ̀ pátápátá. James Ewing tí a ti dárúkọ ṣáájú ni ó ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ eegun yìí ní ọdún 1921. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ní Paris fi hàn pé krómósómù kọkànlá àti kejìlélógún pààrọ̀ èérún ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n sì bí jíìnì tuntun tí kò sí nínú ara ènìyàn tẹ́lẹ̀, EWS-FLI1. Prótéènì tí ó ti ibẹ̀ wá máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí lẹ́tà GGAA ti ń tún ara rẹ̀ kọ léraléra nínú DNA, á sì jí àwọn jíìnì tí ó wà nítòsí dìde. Kì í dúró bákan náà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí ó bá ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì a máa pọ̀ sí i. Ibi tí ó bá ti lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a máa rìn kiri. Ó dà bí ẹbí tí àwọn kan ń roko nílé tí àwọn mìíràn sì ń lọ sájò.

Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà, ó sì ṣọ̀wọ́n bákan náà láàárín àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ tàbí ojú ọjọ́ ni ìdí rẹ̀. Iye ìgbà tí GGAA tún ara rẹ̀ kọ yàtọ̀ láti ìran dé ìran, ó sì dà bí ẹni pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, DNA tiwa kò fún prótéènì burúkú náà ní ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti dúró sí. Èmi kò mọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí Paget sọ ti hàn kedere tó èyí.

Jẹjẹrẹ eegun tí ó wọ́pọ̀ jù kò ní ojúsàájú bẹ́ẹ̀. Osteosarcoma ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ogún ni ó sì máa ń mú jù, ní àyíká orókún, nígbà tí eegun ń yára gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìrora lásán. Wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà gbá. Ní Kumasi, gẹ́gẹ́ bí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ń to eegun ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn lórí eegun tí ó kán, kò yẹ kí a bú wọn. Ṣùgbọ́n eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ kò ní so, oṣù tí wọ́n sì fi ń fi igi dì í ni sẹ́ẹ̀lì fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú kí oògùn tó dé ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn ni àrùn náà ṣì ń pa nípasẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò àyà wọn mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gé e. Èyí ni ó kọ́ àwọn oníṣègùn pé irúgbìn ti fọ́n kí ọ̀bẹ tó dé. Lónìí, níbi tí wọ́n bá ti ń fún ni ní oògùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí àrùn kò sì tíì hàn ní ẹ̀dọ̀fóró, ó tó mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá tí ń yè.

Ilé ìwòsàn tí ẹrù yìí ń wọ̀ sí lọ́rùn ní Kumasi ni Komfo Anokye, tí wọ́n kọ́ láàárín àwọn ọdún 1950, tí ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní ọdún 1975 nígbà tí yunifásítì KNUST dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Orúkọ babaláwo ńlá àwọn Àṣáńtì ni wọ́n fi sọ ọ́, idà tí ìtàn sọ pé ó rì mọ́ ilẹ̀ sì wà nínú ọgbà rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 2004 ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; kí ó tó di ìgbà náà, Korle Bu ní Accra ni aláìsàn ń lọ. Ní ọdún 2012, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Kumasi sílẹ̀, irú èyí tí Ìbàdàn ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ọrùn ilé ọmọ ni ó ṣíwájú níbẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ti ẹ̀dọ̀ àti ti prostate láàárín àwọn ọkùnrin. Sákómà kéré nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí ó bá sì kéré nínú ìwé kì í tètè rí owó gbà.

Ǹjẹ́ ìmọ̀ nípa Src àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di oògùn? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn imatinib, tí ń ti irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ pa lára prótéènì kan tí ń jẹ́ KIT, ti yí ìgbésí ayé àwọn tí sákómà inú ìkùn mú padà láti nǹkan bí ọdún 2001. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń fún àwọn tí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ń bá jà ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán saracatinib, tí ń dènà Src gan-an, wò lára àwọn tí wọ́n ti gé osteosarcoma kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró wọn, kò hàn pé ó dá àrùn náà dúró láti padà. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá dí ẹsẹ̀ kan fún ní ẹsẹ̀ mìíràn.

Ní ọdún 2022, ètò adójútòfò ìlera Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìtọ́jú irú jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin: ti ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní leukaemia, ti Burkitt, ti ojú àti ti kíndìnrín. Burkitt, tí orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ sákómà, wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ eegun àti sákómà tòótọ́ kò sí nínú mẹ́rin náà.